Kàràràrà Láàárọ̀ Kùtù: Kí Ló Ń Ké Nínú Ẹ́ńjìnnì Yín?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ nígbà tí mo tò wọ́n jọ mo rí i pé nǹkan kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń sọ: mọ́tò tó bá ti ń lọ lójú títì kò ní wàhálà kankan, àárọ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ sítáàtì ẹ̀ ló máa pariwo tí àwọn ará ilé á fi yọjú lójú wíńdò. Torí náà ariwo àárọ̀ nìkan la máa sọ lóṣù yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa gíábọ́ọ̀sì àti AC, ẹ ṣe sùúrù fún mi dìgbà míì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry 2011 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 2.5, tòkunbọ̀ ni mo rà á lọ́dún méjì sẹ́yìn. Láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, tí mo bá sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀ á ké "kàràràrà" bí ìgbà téèyàn da ìṣó sínú agolo tó ń mì í, á tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, á sì dákẹ́ pátápátá. Tí mo bá pa á tí mo tún un sítáàtì lójú ẹsẹ̀, kì í ké. Mẹkáníìkì mi ní ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ nọ́ọ̀kì, pé kí n lọ wá owó ẹ́ńjìnnì míì kó tó dá mi dúró sójú ọ̀nà. Olùkọ́ ni mí, owó ẹ́ńjìnnì kì í ṣe owó tí mo ní nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. (Olùkọ́ kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ fọkàn balẹ̀ ná, ẹ má tíì wá owó ẹ́ńjìnnì kankan. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, nǹkan méjì ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀: ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì ló fi ń ké, ẹ sì ní tẹ́ ẹ bá tún un sítáàtì lójú ẹsẹ̀ kì í ké. Ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì kì í ṣe báyẹn. Nọ́ọ̀kì tó bá ti dé kì í fi ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹná mọ́ ọn ló ń pọ̀ sí i, ohùn ẹ̀ sì wúwo, "gbọ̀ gbọ̀ gbọ̀" láti ìsàlẹ̀ ni, kì í ṣe "kàràràrà" láti òkè.

Ohun tó ń ké nínú tiyín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú, gíà VVT-i ni, ìyẹn gíà tó wà lórí ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnnì). Camry 2.5 tó jáde láti 2010 dé 2017, ẹ́ńjìnnì 2AR-FE ló wà nínú wọn, àìsàn yìí sì wọ́pọ̀ lára wọn débi pé tí wọ́n bá gbé ọ̀kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, mi ò ní tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí màá fi béèrè pé "ṣé àárọ̀ nìkan ló ń ṣe é?" Toyota fúnra wọn kọ̀wé sáwọn oníṣẹ́ wọn lórí ariwo yìí, wọ́n sì ṣe gíà míì tó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ fún yín, torí tó bá ti yé yín, kò sẹ́ni tó máa fi orúkọ nọ́ọ̀kì gba owó ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ yín mọ́.

Ṣéènì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè, òun ló ń yí ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Láyé àtijọ́, gíà tí ṣéènì yẹn ń fà lókè, irin gbọingbọin ni. Tìsìnyí ní ikùn, ọ́ìlì ló ń wọ inú ẹ̀, ọ́ìlì yẹn ló ń tì í síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ kí fáàfù lè tètè ṣí tàbí kó pẹ́ díẹ̀, bí eré mọ́tò bá ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá wá pa mọ́tò lálẹ́, ọ́ìlì á ṣàn padà sísàlẹ̀, ikùn gíà á ṣófo. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, ni wọ́n fi píìnì kékeré kan sínú ẹ̀, ó dà bí ìkọ́ ilẹ̀kùn, òun ló ń há gíà yẹn mọ́lẹ̀ títí ọ́ìlì á fi gùnkè láàárọ̀. Píìnì yẹn tàbí ojú ihò tó ń wọ̀ ló máa ń jẹ. Tó bá ti jẹ, kò ní há dáadáa mọ́, gíà á máa gbá ara ẹ̀ síwá sẹ́yìn nínú ilé ẹ̀, kàràràrà, ọ́ìlì á dé, á dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ké tẹ́ ẹ bá tún un sítáàtì lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì ṣì wà nínú ikùn ẹ̀ nígbà yẹn.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ra gíà, ọ́ìlì la máa kọ́kọ́ wò o, torí ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ẹ̀ kò pé tàbí tí ọ́ìlì ẹ̀ kò bá a mu lè ké irú igbe yìí kan náà. Ẹ gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú lálẹ́. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ fa géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í bọlé tán pátápátá, ẹ wá fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì. Láàrin àmì méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà, ó sì dáa kó sún mọ́ ti òkè. Ẹ́ńjìnnì yín ń gba lítà 4.4 tí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn, ike ọ́ìlì tí wọ́n ń tà fún wa sì jẹ́ lítà 4, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á da ike kan tán, wọ́n á dé e pa, ó parí. Àtọjọ́ sáfíìsì ló ti dín nìyẹn, tó bá tún wá ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, kó tó dìgbà sáfíìsì míì á ti lọ sí ìsàlẹ̀ àmì kejì.

Lẹ́yìn náà ẹ wo ara ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, 0W-20 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. 5W-30 náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ooru ilẹ̀ wa, òun lèmi ń lò fáwọn oníbàárà mi. Ohun tí wọ́n ń dà káàkiri ni 20W-50, wọ́n á ní ọ́ìlì kíki ló ń gba ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ là. Ó dùn mí tí mo bá ń gbọ́ ọ. Ọ́ìlì kíki máa ń bo àwọn ariwo kan mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, òótọ́ ni, àmọ́ láàárọ̀ ó ń pẹ́ kó tó gùnkè, ojú ọ̀nà tó fi ń wọ inú gíà yẹn sì tínrín gan-an, ibi tí irin wà láìní ọ́ìlì yẹn gan-an ló ti ń jẹra. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà sí èyí tó yẹ, tó pé lórí géèjì, tó ṣì ń ké kàràràrà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gíà náà nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe máa dá a mọ̀ dájú, mọ́tò gbọ́dọ̀ sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Gate, n'Ìbàdàn, kì í gbà kẹ́nikẹ́ni sítáàtì mọ́tò tó ní ariwo àárọ̀ kóun tó dé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àwa ọmọ iṣẹ́ á ti yí i ká, ẹnìkan lọ́tùn-ún, ẹnìkan lósì, ẹnìkan á kúnlẹ̀ níwájú, ọ̀gá á wá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á pa á, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Kí lo gbọ́? Níbo lo ti gbọ́ ọ?" Ẹni tó bá dáhùn pé "ó pariwo" kò tíì dáhùn. Wọ́n fẹ́ kó o pe ohùn ẹ̀ bó ṣe ké gẹ́lẹ́, ṣé kàràrà ni, ṣé tíkítíkí ni, ṣé wíìì ni, ṣé gbọ̀ ni. Ohùn tó fúyẹ́ tó ń ta sókè, òkè ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń ti wá, ohùn tó wálẹ̀ tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni. Títí dòní ohun tí mò ń bẹ onímọ́tò nìyẹn: ẹ má tíì dárúkọ àìsàn fún mi, ẹ bá mi pe ohùn ẹ̀ ná, kẹ́ ẹ sì sọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó dákẹ́. Ẹ̀yin ṣe é nínú lẹ́tà yín, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè dá yín lóhùn láti ibí.

Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ á gbé ẹnu sikirudíráfà gígùn lé ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì lápá ibi tí ṣéènì wà, á fi ìdí ẹ̀ ti eegun etí, ẹlòmíì á wá sítáàtì. Tó bá jẹ́ gíà ni, ibẹ̀ ló ti máa gbọ́ ọ jù, bí ẹni pé wọ́n ń kanlẹ̀kùn sí i létí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra gíà ọ̀hún, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má ra tòkunbọ̀ ẹ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti tú u náà ti sáré tirẹ̀, àìsàn kan náà ló ṣeé ṣe kó wà lára ẹ̀, owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa san. Ẹ sì wá ẹni tó ti ṣe é rí. Wọ́n gbọ́dọ̀ so ṣéènì kó má sún, kí àwọn àmì tó wà lára gíà kọjú síra wọn, kí wọ́n fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ní yíyí méjì kíkún kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ kàn án, torí tí ṣéènì bá fo eyín, fáàfù lè kọlu písítìnì, ìgbà yẹn lẹ máa wá nílò owó ẹ́ńjìnnì lóòótọ́. Kí wọ́n yẹ ohun tó ń fa ṣéènì le wò pẹ̀lú, nígbà tí ibẹ̀ ti ṣí sílẹ̀.

Ẹ lè máa wà á lọ síbi iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó rówó ẹ̀ o, ìṣẹ́jú àáyá méjì kò ní pa ẹ́ńjìnnì lónìí. Àmọ́ tó bá ti di márùn-ún, tó di mẹ́wàá, tàbí tí iná pupa tó dà bí kẹ́tùrù ọ́ìlì bá kọ̀ tí kò kú lẹ́yìn tí mọ́tò ti gbà, ẹ pa á níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, tèmi kì í ṣe kàràrà o, "wíìììì" ni, pàápàá tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀ pé mo ti ń jáde. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì á tún bẹ̀rẹ̀. (Bàbá Ìbejì, Ṣómólú)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, bẹ́líìtì tẹ́ ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì yẹn, mi ò rò pé òun ló jẹ̀bi. Láàárọ̀ tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ọtánétọ̀ máa ń ṣiṣẹ́ kára láti dá iná tí kíìkì sítátà gbà padà sínú bátìrì, bẹ́líìtì á fa ẹrù tó wúwo, tí kò bá le tó tàbí tí omi bá wà lára ẹ̀ á yọ̀, yíyọ̀ yẹn ló ń ké. Ohun tó yẹ kí wọ́n wò ni tẹ́ńsónà, ìyẹn apá tó ní sípíríìnì tó ń fà á le, òun ló máa ń rẹ̀ táwọn mẹkáníìkì kì í wò. Kí wọ́n wò ó bóyá ọ́ìlì tàbí omi rédíétọ̀ ń kán sórí bẹ́líìtì pẹ̀lú.

Ẹ lu ihò kékeré sí ìdérí ike omi, nígbà tó bá ń ké, kí ẹnìkan dúró jìnnà díẹ̀ kó ta omi sára bẹ́líìtì. Tí igbe bá pọ̀ sí i, ó ń yọ̀ nìyẹn, tẹ́ńsónà ni. Tó bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀ tó tún padà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú àwọn púlì má dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó kù. Tí omi kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ bẹ́líìtì, kí wọ́n sítáàtì ẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú àáyá péré kí wọ́n sì pa á. Tí ariwo bá lọ, ọ̀kan nínú ohun tí bẹ́líìtì ń yí ló ní bẹ́ríǹgì tó ti gbẹ: kí wọ́n máa fọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ń dún bí ẹni ń lọ yanrìn ni ọ̀daràn. Ẹ jọ̀ọ́, agbádá, ìborùn, irun gígùn, kí gbogbo ẹ̀ jìnnà sí bẹ́líìtì tó ń yí, mo ti rí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ tó bà jẹ́ níbẹ̀, mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ sà. Corolla 2005 ni tèmi, kò ké rí. Ọjọ́ Sátidé wọ́n ṣe sáfíìsì fún un, ọ́ìlì tuntun, fílítà tuntun. Láti àárọ̀ Sọ́ńdè ló ti ń ṣe "tákátákátáká" fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, iná ọ́ìlì pupa náà ń pẹ́ kó tó kú. Mẹkáníìkì ní ọ́ìlì tuntun ni ẹ́ńjìnnì kò tíì mọ̀ lára, pé á lọ fúnra ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Nọ́ọ̀sì kan, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Rárá o, kì í ṣe òótọ́, ẹ má sì dúró kó lọ fúnra ẹ̀. Ẹ lọ yọ fílítà yẹn lónìí.

Nínú fílítà onírin yẹn, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé, tí mọ́tò bá kú kì í jẹ́ kó ṣàn padà. Ayédèrú fílítà, rọ́bà tiwọn le tàbí kó má tiẹ̀ dé ojú ihò dáadáa, torí náà gbogbo òru ni ọ́ìlì fi ń jò padà sísàlẹ̀, láàárọ̀ páǹpù á tún kọ́kọ́ kún fílítà kó tó ran ẹ́ńjìnnì. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, irin ń lọ irin ni.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúríídọ̀mù ni, ẹnìkan wá tà páálí fílítà kan fún mi lówó pọ́ọ́kú, inú mi dùn, mo rò pé mo rí ọjà rà. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, oníbàárà mẹ́rin gbé mọ́tò padà wá, ariwo kan náà, àárọ̀ nìkan. Fílítà tuntun ni mo fi sí i, torí náà ọkàn mi ò tiẹ̀ lọ síbẹ̀ rárá. Mo ṣí ọ̀kan nínú wọn dé ibi ṣéènì, mi ò rí nǹkan kan tó bà jẹ́. Ìgbà tó sú mi ni mo fi ayùn irin gé ọ̀kan nínú fílítà yẹn sí méjì, mo tún gé ojúlówó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ti ojúlówó, rọ́bà ẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọdé. Ti èyí tí mo rà, ó le gan bí àfọ́kù igbá, mo tẹ̀ ẹ́ ó kán sí mi lọ́wọ́. Mo pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo jẹ́wọ́, mo pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, páálí tó kù mo dáná sun ún. Láti ọjọ́ yẹn kò sí fílítà tó ń wọ mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù mi tí mi ò fi ohun tí kò mú ti inú ihò ẹ̀ tẹ rọ́bà yẹn wò.

Ẹ̀yin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó: ihò kéékèèké ló yí etí fílítà ká, ẹ ó rí rọ́bà lẹ́yìn wọn, ẹ fi ohun tí kò mú tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ rọ̀ kó sì padà sáyè ẹ̀. Tí mẹkáníìkì bá ń yọ ti àtijọ́, ẹ ní kó wò ó bóyá òrùka rọ́bà ẹ̀ bá a jáde, nígbà míì ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n bá wá dé tuntun lé e lórí, ọ́ìlì á máa jò, ó lè tú dànù lójijì lójú ọ̀nà. Tí fílítà gidi bá wọlé tí ariwo kò lọ, kí wọ́n wo ohun tó ń fa ṣéènì le, lára Corolla yín ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló wà, nọ́ọ̀tì méjì péré ló dì í mú, kò ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ sà. Houston ni mo wà, Honda Accord 2009, ẹ́ńjìnnì 2.4. Tó bá ti sùn mọ́jú, á ṣe "gàràrà" lẹ́ẹ̀kan tí mo bá sítáàtì ẹ̀, ó ń dẹ́rù bà mí, àmọ́ kì í tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Wọ́n ní ti Toyota ló ń ṣe báyẹn, ṣé Honda náà ń ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ó ń ṣe é dáadáa. Ohun tí mo ṣàlàyé fún olùkọ́ wa lókè, Honda ní tiwọn, VTC ni wọ́n ń pè é, píìnì ẹ̀ náà ló ń kọ̀ tí kì í há. Accord 2008 dé 2012 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, Honda ti kọ ìwé ìtọ́ni sáwọn oníṣẹ́ wọn lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé VTC actuator lẹ fẹ́ kí wọ́n wò, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Ohun kan tó dáa fún yín ni pé wọ́n máa ń rí i tún ṣe láìyọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ má dà á sí ìgbà òtútù, ọ́ìlì tó tutù ń pẹ́ sí i kó tó gùnkè.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, awakọ̀ ni mí, Sienna 2008, Ìbàdàn sí Ìlọrin ni mò ń ná. Láàárọ̀ á ṣe "gbọ̀ gbọ̀ gbọ̀" láti ìsàlẹ̀, tẹ́lẹ̀ tó bá gbóná á lọ, àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo bá ń gun òkè ó tún ń ṣe é. Wọ́n ti bá mi da ọ́ìlì kíki àti oògùn ẹ́ńjìnnì sí i. Ó rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó tún padà. (Awakọ̀, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé èrò sí i lọ́la. Mo mọ̀ pé òun lẹ fi ń jẹun, ó nira fún mi láti sọ ọ́, àmọ́ ohùn tẹ́ ẹ pè yẹn, bẹ́ríǹgì ìsàlẹ̀ ni, èyí tó wà láàrin ọ̀pá písítìnì àti kíráńkì. Ó ti kúrò ní ariwo àárọ̀, ó ti di ti òkè gígùn, bó ṣe ń lọ nìyẹn, tó bá já tán ọ̀pá yẹn lè la ara ẹ́ńjìnnì jáde, lórí eré, pẹ̀lú èrò nínú.

Kí wọ́n ṣe èyí fún yín: nígbà tó bá ń gbá, kí wọ́n máa já wáyà kọ́ìlì plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá já tí ohùn yẹn rọlẹ̀, ṣílíńdà yẹn ló ń dùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n da ọ́ìlì sínú abọ́ funfun, kí wọ́n tú páànù ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi tọ́ṣì wò ó. Ìfọ́ irin tó ń dán bí ìyẹ̀fun wúrà, bẹ́ríǹgì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ tètè dé ibẹ̀ tí ojú kíráńkì kò tíì ha, bẹ́ríǹgì tuntun lè tó, owó ẹ̀ kò sún mọ́ ti ẹ́ńjìnnì rárá. Tó bá ti ha, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ kíráńkì, tàbí kẹ́ ẹ wá ẹ́ńjìnnì. Lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ń wà á lọ báyìí, lẹ̀ ń ti ara yín kúrò nínú ti àkọ́kọ́ bọ́ sínú ti ìkejì.

Ọ́ìlì kíki àti oògùn yẹn, wọn ò tún nǹkan kan ṣe, ohùn tó ń kìlọ̀ fún yín ni wọ́n bò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá wa máa ń sítáàtì mọ́tò láàárọ̀, wọ́n á máa tẹná mọ́ ọn, "vúù, vúù", fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní kó lè gbóná ni. Ẹ́ńjìnnì ti wá ń ṣe tíkítíkí báyìí láàárọ̀, tó bá gbóná á lọ. Báwo la ṣe máa bá wọn sọ ọ́? (Àwọn ọmọ Bàbá, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù, torí kì í ṣe pé bàbá kò mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó wa Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà yẹn, tàbí Ìjàpá Volkswagen, kabúrétọ̀ ló wà nínú wọn, tí o kò bá mú un gbóná díẹ̀ á máa kú sí ọ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ohun tí mọ́tò wọn ń fẹ́ nígbà náà ni wọ́n kọ́. Mọ́tò tìsìnyí, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ló ń gbé eré sókè fúnra ẹ̀ láàárọ̀, á tó yíyí 1,200 láàrin ìṣẹ́jú kan tàbí kó lé díẹ̀, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Tí èèyàn bá wá tẹná mọ́ ọn nígbà tí ọ́ìlì kò tíì dé òkè, irin ló ń fi lọ irin. Kí wọ́n sítáàtì ẹ̀, kí iná ọ́ìlì kú, kí wọ́n kà dé ọgbọ̀n, kí wọ́n máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Rírìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ń yára mú ẹ́ńjìnnì gbóná ju ìdúró lọ.

Tíkítíkí yẹn, tó bá ń lọ nígbà tó bá gbóná, kí wọ́n wo gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí sàlẹ́ńsà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó fọwọ́ kan fáàfù. Afẹ́fẹ́ máa ń jò níbẹ̀ tó bá tutù, irin á wú tó bá gbóná, á dí ojú jíjò náà. Ẹ wo ibẹ̀ bóyá dúdú bí èédú ti yí i ká.

Tí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò náà sí bá jẹ́ gáréèjì tó ní ilẹ̀kùn, ẹ rí i pé ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí gbayawu kí bàbá tó yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì ti wíńdò yàrá tó bá kọjú sí i, torí gáàsì kan wà nínú èéfín tó ń jáde níbẹ̀ tó ń pa èèyàn láìní òórùn.